Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Awò Ojú Ìyá Rẹ̀

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àbí ẹ kò jẹun yó ni? Ohùn yín kò dé ẹnu ọ̀nà. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ̀n-ẹ́n, báyìí ló yẹ kó rí. Àlọ́ mi na ìyẹ́, ó gbéra fìà, ó fò kọjá lórí àjà, ó fò kọjá lórí ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé. Kò bà lórí ọba, kò bà lórí ìjòyè. Orí Ọ̀kẹ́rẹ́ onírù wùkẹ̀wùkẹ̀ ló bà lé, àti orí ìyá rẹ̀, àti orí Òwìwí, ọ̀gá tó ń ṣe awò ojú. Ládépò, jókòó dáadáa. Òwìwí inú àlọ́ tèmi kì í ṣe ẹyẹ tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì níwà.

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí àwọn ẹranko ń sọ̀rọ̀ bí èmi àti ẹ̀yin, ojú a máa ṣe bàìbàì fún wọn bó ṣe ń ṣe fún èmi ìyá yín yìí. Bí ojú ẹranko kan bá ti ń kú lọ, ilé Òwìwí ni yóò mórí lé. Òwìwí a lọ sí odò, a ṣa òkúta tó mọ́ gaara. A fi yanrìn ra á, fìn-ín, fìn-ín, fìn-ín, títí yóò fi di dígí tó ń dán bí omi inú àwo. A mú pankẹ́rẹ́, a tẹ̀ ẹ́ lórí eérú gbígbóná, a fi dígí méjèèjì sínú rẹ̀, a gbé e ka imú ẹranko náà, a fi apá rẹ̀ kọ́ ọ létí. Ẹni tó ń fọwọ́ tálẹ̀ lánàá, yóò máa ṣa èèrà kúrò lára ìrù rẹ̀ lónìí.

Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ kò ní ọkọ mọ́. Orí ọ̀pẹ ló ti ń jẹun. Bí ó bá ká ẹyìn lórí ọ̀pẹ kan tán, kì í sọ̀ kalẹ̀. A fò, fììì, ó di orí ọ̀pẹ kejì. Ohun tó fi tọ́ Ọ̀kẹ́rẹ́ dàgbà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó di ilé Òwìwí.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ bá mi kọ́ ọmọ yìí níṣẹ́. Ojú mi ń lọ. Ọjọ́ tí n kò bá rí imọ̀ ọ̀pẹ tí mo fẹ́ fò sí mọ́, ọjọ́ náà ni mo di ará ilẹ̀, ará ilẹ̀ ò sì ní ohun tí yóò jẹ láàárín àwọn ọ̀kẹ́rẹ́."

Òwìwí yí ọrùn rẹ̀ gbirigbiri, ó wò ó. "Ìyá, ẹ jókòó kí n ṣe tiyín fún yín nísinsìnyí."

"Rárá o, Ọ̀gá. Ṣebí àṣà yín ni pé awò tí ọmọ iṣẹ́ bá ṣe fún ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ẹni tó mú un wá síṣẹ́ ló ń fi í sójú? N ó dúró. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo fẹ́."

Òwìwí rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó yára kọ́ ọ nígbà náà, kí ẹ má bàa fò wọ inú ọbẹ̀ ẹni ẹlẹ́ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí iná ọyẹ́. Ó mọ òkúta ra, ó mọ pankẹ́rẹ́ tẹ̀, ó mọ bí a ṣe ń fi ìda dí ibi tí dígí bá ti ń mì. Ìgbà tó wá kan ibi tí iṣẹ́ wà gan-an, Òwìwí fà á sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó yọ fọ́nrán ìko kan jáde láti inú àpò.

"Ìko yìí ni olórí iṣẹ́ wa," ó ní. "Jókòó kọjú sí ẹni náà, kí ojú rẹ àti ojú rẹ̀ wà ní ọgbọọgba. Wo inú ojú rẹ̀. Na ìko sí i lábẹ́ iwájú. Ibi tí ọmọlójú ọ̀tún bá wà, fi èédú tọ́ ìko níbẹ̀. Ibi tí tòsì bá wà, tọ́ ọ. Àárín dígí gbọ́dọ̀ bọ́ sí àárín ọmọlójú. Bí ó bá yẹ̀ báyìí, bó ti wù kó kéré, ilẹ̀ á wà níhìn-ín, ojú á ní ọ̀hún ló wà. Ṣé o ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́, Ọ̀gá."

"Bí o bá ṣe é tán, jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kó rìn, kó gun òkìtì, kó sọ̀ kalẹ̀. Má bi í bóyá ó dára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kí o máa wò. Ẹnu lè tàn ọ́ nítorí pé ojú ń tì í. Ẹsẹ̀ kì í tanni."

Ó wá fi orin sí i, torí ohun tí a bá fi orin kọ́ ọmọ kì í tètè jábọ́. Ó yá, ẹ gbè é fún mi:

Lílé: Ọmọ tó ń ṣawò, rọra o
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Ojú Ẹtu kì í ṣojú Ọ̀yà
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Kíkí àgbà kò díṣẹ́ lọ́wọ́
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Bí o bá kí wọn tán, gbójú sókè
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.

Ẹ gbè é dáadáa. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà gbè é dáadáa. Gbígbè kọ́ ló ṣòro.

Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá, Ọ̀kẹ́rẹ́ a jókòó tì í, a wò ó lójú rọ́, a wọ̀n ọ́n, awò náà a sì bọ́ síbi tó yẹ. Ọjọ́ tí àgbà kọ́kọ́ wá ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bàbá Ẹtu ni. Ó tọ̀pá dé, Òwìwí sì ti lọ sódò lọ ṣa òkúta. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀, ìrù rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní.

"Háà," ni Bàbá Ẹtu wí. "Ọmọ wo nìyí? Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ báyìí ṣì kù nígbó yìí? O ò ní kú léwe. Ìyá rẹ á jẹun ọmọ. Ìwọ náà á bí irú ara rẹ."

"Àmín, bàbá. Àmín, bàbá."

Àdúrà náà gùn. Nígbà tó fi máa tán, Bàbá Ẹtu ti gbàgbé pé ẹnì kan fẹ́ na ìko sí òun lójú. Ọ̀kẹ́rẹ́ náà rò ó nínú ara rẹ̀. Láti kọjú sí àgbà, kí a tẹjú mọ́ ọn, kí a fi ọwọ́ kan iwájú rẹ̀, iṣẹ́ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ni. Ìdọ̀bálẹ̀ kò mú ọwọ́ gbọ̀n. Ó sì ń mú ìyìn wá. Ó bá dá ìko padà sápò, ó fojú díwọ̀n, ó ṣe awò fún Bàbá Ẹtu.

Bàbá Ẹtu gbé e sójú. Ilẹ̀ gbéra nílẹ̀, ó dà bí òkè.

"Ṣé ó wà dáadáa, bàbá?" Ọ̀kẹ́rẹ́ tún ti wà lórí ìdọ̀bálẹ̀.

"Ó... ó dára, ọmọ mi."

Bí bàbá ṣe ń lọ sílé, bó bá dé ibi òjìji igi, a fò ó kọjá, tọ́, bí ẹni ń fo odò. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Bàbá, kí lẹ ń fò?"

"Igi ló dábùú ọ̀nà."

"Òjìji ni. Àfi bí ijó tuntun kan bá dé tí n kò tíì gbọ́."

Bàbá bọ́ awò náà, ó fi kọ́ ara ògiri. Ìyàwó ní kí ló dé tí kò dá a padà. Ó ní, "Ọmọ tó fi àyà kan ilẹ̀ fún mi? Ẹnu wo ni n ó fi sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ kò dára? Jẹ́ kó wà níbẹ̀." Bó bá wá rí i pé Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kọjá, a sáré mú un, a fi sójú, a jókòó jẹ́ẹ́ kó má bàa ṣubú. Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ bá ti kọjá tán, a tún gbé e kọ́.

Ìyá Òkété náà wá. Ọ̀kẹ́rẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìyá Òkété súre, ó gba awò, ó ní ó dára, ó délé, ó fẹ́ wọ inú ihò rẹ̀, ó fi orí sọ ògiri, gbì. Òun náà gbé tirẹ̀ kọ́. Báyìí ni ó ń lọ. Ilé àwọn àgbà kún fún awò tó ń wo ògiri.

Òwìwí ṣàkíyèsí ohun kan. "Ọ̀kẹ́rẹ́, ìko rẹ funfun. Èédú kò kàn án."

"Ọ̀gá, àgbà ni wọ́n. Ọmọ kì í wo àgbà lójú ṣàn-án. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi kọ́ mi nìyẹn."

"Ìyá rẹ kọ́ ọ dáadáa. Kí wọn, dọ̀bálẹ̀, dìde. Ṣùgbọ́n bí ìko bá ti wà lọ́wọ́ rẹ, ojú tí o fẹ́ wọ̀n ni àgbà."

Síbẹ̀, kò tẹ́ Òwìwí lọ́rùn. Ó fò lọ sílé Bàbá Ẹtu lọ wò ó. Bàbá gbúròó ìyẹ́ rẹ̀, ó sáré fi awò sójú. "Ọ̀gá, ó dára. Ẹ ní ọmọ gidi." Òwìwí lọ sílé Ìyá Òkété, ohun kan náà ni ó gbọ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Òwìwí tó ń ríran nínú òkùnkùn, ohun tí àwọn àgbà gbé kọ́ ògiri ní ọ̀sán gangan, kò rí i.

Ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù ń bọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní láti ṣe awò ìyá rẹ̀. Ó mú ìko, ó dé ẹnu ọ̀nà ìyá, ó padà. Ìtìjú ń mú un. Láti kékeré, bí ìyá rẹ̀ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ló máa ń wò. Ó wá ronú ọgbọ́n kan. Ó ní, "Ṣebí gbogbo ìgbó ní mo jọ ìyá mi? Ojú kan náà ni wọ́n ní a ní." Ó bomi sínú igbá, ó wo òjìji ojú ara rẹ̀ nínú omi, ó na ìko sí i, ó fi èédú tọ́ ọ lápá ọ̀tún, ó tọ́ ọ lápá òsì. Ojú ara rẹ̀ ló wọ̀n.

Òótọ́ ni, wọ́n jọra. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ẹ̀gún ọ̀pẹ kan ti ya ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú òsì. Ọgbẹ́ náà jiná, ó sì fa ojú náà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo á rí i. Ọmọ rẹ̀ kò rí i rí.

Ọjọ́ pé. Ẹranko ńlá, ẹranko kékeré, gbogbo wọn péjọ sábẹ́ igi àràbà. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó lórí ẹní, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń tún gèlè ṣe bí ẹni pé òun ni ìyàwó. Òwìwí dìde.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé o wọ̀n wọ́n?"

"Mo wọ̀n wọ́n, Ọ̀gá."

"O wo ojú wọn?"

"Mo wò ó."

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Ẹ bá mi gbè é, kí Ọ̀kẹ́rẹ́ lè rántí, bí ó bá ṣì fẹ́ rántí:

Lílé: Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé o gbójú sókè?
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Jíjọra kì í ṣe ojú kan
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Ìyá tó fò torí rẹ
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.
Lílé: Ibo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ó bà lé?
Ègbè: Wojú, kí o tó wọ̀n.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé awò náà fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá fi í sójú. Ó wò. Ó rí ọmọ méjì tó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, ìkan wọ inú ìkejì. Ó rí gbogbo ìgbó tó na ọrùn, tó ń retí ohun tí yóò sọ.

"Ó dára, ọmọ mi."

Àtẹ́wọ́ dún, wàà. Òwìwí ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ rìn dé ìdí àràbà yẹn, kí n wo ẹsẹ̀ yín."

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti yára dìde. "Ọ̀gá, oúnjẹ ń tutù."

Ìyá náà ní, "Òótọ́ ló sọ, Ọ̀gá. Mo ti ríran. Ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn jẹun." Kò fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tú àṣírí ọmọ òun. Ẹ rí i, ọmọ ń bo ara rẹ̀, ìyá ń bo ọmọ, Ọ̀gá sì jókòó.

Bàbá Ẹtu gbé tirẹ̀ kọ́. Ìyá Òkété gbé tirẹ̀ kọ́. Wọ́n fẹ́ràn Ọ̀kẹ́rẹ́ níwọ̀nba. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò bọ́ ọ. Orí ń fọ́ ọ, kò bọ́ ọ. Èébì ń gbé e, kò bọ́ ọ. Ìyá Òkété wá kí i, ó rọra ní, "Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣé kì í... ṣé kì í dà yín láàmú? Ẹ lè gbé e kọ́, bí tèmi."

"Kí n gbé kí ni kọ́? Ọwọ́ ọmọ mi nìyí. Ó pẹ́ kó tó mọ́ mi lójú ni."

Ìyá Òkété gbọ́, ó sì gba ilé lọ. Ó yẹ kó sọ ọ́ tán.

Ní àárọ̀ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹyìn pọ́n yòò lórí ọ̀pẹ. Ìyá Ọ̀kẹ́rẹ́ gùn ún. Gígùn kò lo ojú púpọ̀, èékánná ló ń lò. Ó dé òkè. Ó wo ọ̀pẹ kejì. Imọ̀ méjì nà sí i, wọ́n ń mì lẹ́lẹ́. Ó káwọ́ jọ, ó fò.

Fììì.

Afẹ́fẹ́ ló dì mú.

Gbàà.

Rárá, Àbẹ̀ní, kò kú. Nu ojú rẹ. Ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ kán, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Ọ̀kẹ́rẹ́ sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Màmá, ṣé ẹ kò rí imọ̀ náà ni?"

"Méjì ni mo rí, ọmọ mi. Èyí tí mo fò sí ni kò sí níbẹ̀."

"Ẹ ní ó dára. Ẹ sọ lójú gbogbo ènìyàn pé ó dára."

"O wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Báwo ni n ó ṣe dójú tì ọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Bàbá Ẹtu dé, ó gbé awò tirẹ̀ kalẹ̀ síwájú Ọ̀kẹ́rẹ́. Ìyá Òkété gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Àwọn àgbà yòókù ń dé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbé e kalẹ̀, wọ́n ń wo ilẹ̀. Òwìwí bà sórí ẹ̀ka tó súnmọ́ wọn. Ó wo awò tó kún ilẹ̀, ó ní, "Mo kọ́ ọ pé kí o má bi ẹnu léèrè. Èmi náà, ẹnu ni mo lọ bi."

Ọ̀kẹ́rẹ́ yọ ìko. Kò dọ̀bálẹ̀ mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó gbé ojú sókè, ó wò ó. Ó rí ojú ọ̀tún. Ó rí ojú òsì, ó rí àpá ẹ̀gún náà, ó rí bí ó ṣe fà sẹ́yìn.

"Màmá, nígbà wo ni èyí?"

"O wà lẹ́yìn mi. O ń sunkún ebi."

Ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó sì wọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀. Ó tọ́ èédú lápá ọ̀tún, ó tọ́ ọ lápá òsì. Ó ra dígí tuntun, fìn-ín, fìn-ín, ó tẹ pankẹ́rẹ́ tuntun, ó gbé e sójú ìyá rẹ̀. Kò béèrè bóyá ó dára. Ìyá kò lè rìn kí ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ó ń wo ojú rẹ̀.

"Apá òsì yìí le," ni ìyá wí. "Ó ń ha mí létí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ bọ́ ọ, ó fi yá iná, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dá a padà.

Ìyá gbé orí sókè.

"Báyìí ló tọ́," ó ní. "Mo rí imọ̀ ọ̀pẹ ní ìkọ̀ọ̀kan. Mo rí ẹyìn, mo rí èyí tó pọ́n àti èyí tí kò pọ́n. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ ẹ́." Ó nawọ́ sí orí ọ̀pẹ. "Lọ ká a fún mi. N ó máa wò ọ́."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gun ọ̀pẹ. Ìyá jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Ó ń rí i kedere.

Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá rí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi lónìí, kì í kàn fò. A dúró, a yí orí síhìn-ín, a yí orí sọ́hùn-ún, a wo ibi tó ń lọ dáadáa, kó tó gbéra.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ rèé. Ẹ máa kí àgbà, ẹ máa dọ̀bálẹ̀, ẹ máa kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkíni rọ́pò iṣẹ́ tí wọ́n rán yín. Ẹni tó gbaṣẹ́ ojú, kó wo ojú. Ìgbà tí ẹ̀yin náà bá sì dàgbà, tí ọmọdé bá gbé iṣẹ́ tí kò dára wá, ẹ fi ohùn tútù sọ fún un níjọ́ náà gan-an. "Ó dára" tí kò dára, kòtò ni a gbẹ́ sójú ọ̀nà, a kò sì mọ ìyá ẹni tí yóò já sí i.

Àlọ́ mi ti dé ibi tó ń lọ, ó ti ká ẹsẹ̀ sórí ẹní. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu mi yìí má lè jẹ àgbàdo tuntun. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni mo sọ fún yín, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún: kòrò, kòrò, kòrò.